Henry Smeathman: Ọkùnrin tó tú àṣírí ìkán ilẹ̀ Áfíríkà fáráyé, àmọ́ tó tún ti ọwọ́ bọ òwò ẹrú

Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ní Abidjan, tó gba òpópónà márosẹ̀ tó lọ sí Yamoussoukro, yóò rí i bí igbó ṣe ń fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, tí pápá sì ń bẹ̀rẹ̀. Inú pápá yìí ni òkìtì ọ̀gán wà. Òmíràn ò ju orókún lọ, òmíràn sì ga ju àgbàlagbà ènìyàn lọ.

Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Abidjan, pàápàá àwọn ará Èjìgbò tó ti sọ ìlú náà di ilé kejì láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn, kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ ohun tó wà nínú ọ̀gán fún wọn. Ìkán ni. Òun ló ń jẹ òpó ilé, òun ló ń jẹ ìwé nínú àpótí, òun náà ló sì ń jẹ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì títí tí yóò fi dá.

Àmọ́ ìkán tó ń kọ́ àwọn ọ̀gán ńláńlá yìí ní orúkọ mìíràn nínú ìwé sáyẹ́ǹsì. Macrotermes bellicosus ni wọ́n ń pè é. Tí onímọ̀ bá sì kọ orúkọ náà tán, ó máa ń fi orúkọ ẹnì kan àti ọdún kan tì í lẹ́yìn: Smeathman, 1781.

Ta wá ni Smeathman yìí? Báwo ni orúkọ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣe wá lẹ̀ mọ́ ìkán tó wà ní Abidjan, ní Èjìgbò àti ní ọ̀pọ̀ ibòmíràn ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà? Ìtàn rẹ̀ dùn ún gbọ́, àmọ́ ó ní ibi tó korò. Ó sì kan àwa ọmọ Yorùbá ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ.

Ta ni Henry Smeathman?

Ọdún 1742 ni wọ́n bí Henry Smeathman ní Scarborough, ìlú etí òkun kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kì í ṣe ọmọ olówó, kò sì lọ sí yunifásítì. Ó dán oríṣiríṣi iṣẹ́ wò nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, kò sí èyí tó fi bẹ́ẹ̀ yọrí sí ọrọ̀ fún un.

Ohun tó fẹ́ràn gan-an ni kòkòrò. Lásìkò náà, kíkó kòkòrò jọ ti di ohun tí àwọn ọlọ́lá ìlú Lọ́ńdọ̀nù ń fi ṣe fáàrí. Wọ́n á fi abẹ́rẹ́ kan labalábá mọ́ inú àpótí, wọ́n á tò ó lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n á sì pe ọ̀rẹ́ wá wò ó. Ẹni tó bá ní èyí tí ẹlòmíràn kò ní ni ọ̀gá.

Ọ̀kan lára àwọn tó ya wèrè jù lọ nípa kòkòrò ni Dru Drury, alágbẹ̀dẹ fàdákà kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Lọ́dún 1766, dókítà inú ọkọ̀ ojú omi kan rí òkú kòkòrò abìyẹ́ líle kan tó léfòó lórí omi odò Gabon. Kòkòrò náà tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí irú rẹ̀ rí ní ilẹ̀ Yúróòpù. Láti ìgbà tí Drury ti rí i ni kò ti lè sùn mọ́. Ó fẹ́ kí wọ́n bá òun wá òmíràn láti Áfíríkà, ó sì ń fi iṣẹ́ rán gbogbo ọ̀gá ọkọ̀ tó bá ń bọ̀ níhìn-ín.

Àmọ́ ọ̀gá ọkọ̀ kì í ṣe onímọ̀ kòkòrò. Drury rí i pé ó yẹ kí ẹnì kan wá fúnra rẹ̀, kó jókòó síbí, kó sì máa kó kòkòrò ránṣẹ́.

Báwo ni Smeathman ṣe dé ilẹ̀ Áfíríkà?

Drury àti àwọn ọlọ́lá mìíràn dá owó jọ. Lára wọn ni dókítà John Fothergill, Joseph Banks tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn àjò yí ayé ká pẹ̀lú Captain Cook dé, Marmaduke Tunstall, àti ìyàwó ìjòyè ńlá kan, Duchess ti Portland. Smeathman ni wọ́n yàn. Lọ́dún 1771, ó wọ ọkọ̀ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Fly, ó sì gúnlẹ̀ sí agbègbè Sierra Leone nígbà tí ọdún náà ń parí lọ.

Erékùṣù Banana, tí kò jìnnà sí ibi tí Freetown wà lónìí, ló fìdí kalẹ̀ sí. James Cleveland, ọmọ oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì kan tó bí i fún obìnrin ilẹ̀ náà, ló ń pàṣẹ níbẹ̀. Smeathman kọ́ ilé, ó dá oko, ó sì fẹ́ àwọn ọmọ ìjòyè ibẹ̀ níyàwó. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́ nìkan. Láyé ìgbà náà, àlejò tí kò bá ní àna kò ní ẹni tí yóò gbèjà rẹ̀, kò sì lè rìn láti ìlú kan dé òmíràn láìséwu.

Ìbà kò jẹ́ kó gbádùn. Lọ́dún 1773, wọ́n fi ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Anders Berlin ránṣẹ́ láti wá ràn án lọ́wọ́. Ọmọ ilẹ̀ Sweden ni, akẹ́kọ̀ọ́ gbajúmọ̀ onímọ̀ nì, Carl Linnaeus, sì ni. Kò pẹ́ tó dé tó fi kú. Smeathman náà ṣàìsàn léraléra, àmọ́ ó yè é.

Bó ti lè jẹ́ pé ìbà ń yọ ọ́ lẹ́nu, ó ń ṣiṣẹ́. Ó ń fi àpótí kòkòrò àti ewéko ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀kan lára àwọn tó fi ránṣẹ́ ni labalábá tó tóbi jù lọ ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà, èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 20 láti ìhín sí ọ̀hún. Drury ló fún un ní orúkọ Papilio antimachus lọ́dún 1782. Labalábá yìí ṣì wà nínú igbó Côte d'Ivoire títí di òní.

Kí ni Smeathman rí nínú ọ̀gán?

Labalábá ni wọ́n rán an, àmọ́ ìkán ló sọ ọ́ di olókìkí.

Àwọn òyìnbó tó ti ń bọ̀ ní etíkun Áfíríkà mọ ìkán bí ẹni mọ olè. Wọ́n mọ ohun tó ń bà jẹ́, wọn kò mọ bó ṣe ń gbé. Èèrà funfun ni wọ́n ń pè é. Smeathman ní tiẹ̀ kó àwọn ọmọ ilẹ̀ náà jọ, wọ́n gbé ọkọ́ àti irin ìwalẹ̀, wọ́n sì la ọ̀gán láàárín láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Ara ọ̀gán le bí òkúta, àwọn ọmọ-ogun ìkán sì ń bù wọ́n jẹ débi pé ẹ̀jẹ̀ ń jáde lẹ́sẹ̀.

Ọ̀gán tó wò ga tó ẹsẹ̀ bàtà 10 sí 12. Ó le tó bẹ́ẹ̀ tí òun àti ọkùnrin mẹ́rin jọ dúró lórí ọ̀kan ṣoṣo láti wo ọkọ̀ tó ń bọ̀ lójú òkun, kò sì wó. Ó ṣe ìṣirò pé tí ènìyàn bá ní kí òun kọ́ ilé tó ga ju ara rẹ̀ lọ bí ọ̀gán ṣe ga ju ìkán lọ, ilé náà yóò ga ju àwọn pírámíìdì ilẹ̀ Íjíbítì lọ fíìfíì.

Nínú lọ́hùn-ún, ó rí i pé ìlú ni wọ́n tẹ̀ dó síbẹ̀. Yàrá ọba àti ayaba wà láàárín gbùngbùn. Ẹnu ọ̀nà yàrá náà kéré débi pé òṣìṣẹ́ lè wọlé kó sì jáde, àmọ́ ayaba kò lè jáde títí ayé. Ikùn rẹ̀ ti wú tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè rìn. Ẹyin ló ń yé ṣáá. Smeathman jókòó tì í, ó ń kà á. Ẹyin bíi 60 ló ń jáde ní ìṣẹ́jú kan, èyí tó túmọ̀ sí pé yóò lé ní 80,000 láàárín ọjọ́ kan.

Ó rí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbé ẹyin lọ sí yàrá ìtọ́jú ọmọ. Ó rí àwọn ọmọ-ogun tí orí wọn tóbi, tí ẹnu wọn sì dà bí ẹ̀mú. Tí ọ̀tá bá lu ọ̀gán, àwọn ọmọ-ogun ló ń jáde. Tí ọ̀tá bá lọ tán, wọ́n á padà sínú ilé, àwọn òṣìṣẹ́ á sì gbé amọ̀ dé láti dí ihò náà. Kò rí òṣìṣẹ́ tó jà, kò sì rí ọmọ-ogun tó mọ ilé.

Ó tún rí olú kéékèèké funfun nínú yàrá àwọn ọmọ ìkán. Lónìí, a ti mọ̀ pé oko ni. Ìkán yìí ń gbin olú sórí èérún igi tó ti jẹ, olú náà á wá sọ igi ọ̀hún di oúnjẹ fún un. Nígbà òjò, olú yìí máa ń ta yọ sókè ilẹ̀ nídìí ọ̀gán, òun sì ni àwọn ìyá wa ń já wálé láti fi se ọbẹ̀.

Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀, tí àwọn oníyẹ̀ẹ́ bá fò jáde, Smeathman rí i pé àwọn ará ìlú ń kó wọn, wọ́n ń yan wọ́n nínú ìkòkò, wọ́n sì ń jẹ wọ́n. Òun náà tọ́ ọ wò, ó dùn mọ́ ọn lẹ́nu, ó sì jẹ ẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni tó bá ti jẹ èsúnsún lábúlé rí kò ní jiyàn pẹ̀lú rẹ̀.

Ibo ni Linnaeus fi ìkán sí?

Kí a tó lóye ìdí tí iṣẹ́ Smeathman fi ṣe pàtàkì, ẹ jẹ́ ká wo bí àwọn onímọ̀ ṣe ń to kòkòrò nígbà náà.

Linnaeus, ọmọ ilẹ̀ Sweden tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, ló dá ètò orúkọ méjì méjì sílẹ̀ tí gbogbo ayé ń lò fún ẹ̀dá abẹ̀mí. Nínú ìwé rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1758, ó pín kòkòrò sí ọ̀nà méje, ìyẹ́ ló sì fi pín wọn. Ó wo àwọn tí ìyẹ́ wọn le bí èèpo, bíi yímíyímí. Ó wo àwọn tí ìyẹ́ wọn ní ìyẹ̀fun lára, bíi labalábá. Ó wo àwọn tó ní ìyẹ́ méjì péré, bíi eṣinṣin àti ẹ̀fọn. Ó wo àwọn oníyẹ̀ẹ́ mẹ́rin bíi oyin àti agbọ́n, ó sì ya lámilámi àti irú rẹ̀ sọ́tọ̀. Àwọn tí kò ní ìyẹ́ rárá ló kó sí ìsọ̀rí ìkẹyìn.

Inú ìsọ̀rí ìkẹyìn yìí ló ju ìkán sí. Aládùúgbò ìkán níbẹ̀ ni iná orí, aláǹtakùn, àkekèé àti alákàn! Kì í ṣe pé Linnaeus kò ní làákàyè. Òṣìṣẹ́ àti ọmọ-ogun ìkán kò ní ìyẹ́ lóòótọ́, wọn ló sì pọ̀ jù, wọn ni ènìyàn ń rí. Ẹni tó wà ní Sweden kò lè mọ̀ pé èyí tó ń fò yí iná ká lálẹ́ ọjọ́ òjò àti èyí tó ń jẹ igi nínú òkùnkùn, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Ohun tí Smeathman fi hàn nìyẹn. Ilé kan náà ni oníyẹ̀ẹ́ mẹ́rin, òṣìṣẹ́ àti ọmọ-ogun ti jáde. Ọba àti ayaba náà ti ní ìyẹ́ rí kí wọ́n tó bọ́ ọ sílẹ̀. Kò sí bí ìkán ṣe lè wà ní ìsọ̀rí aláìníyẹ̀ẹ́ mọ́.

Ó ṣe àṣìṣe tirẹ̀ náà. Ó rò pé ọmọ-ogun jẹ́ òṣìṣẹ́ tó ti dàgbà sí i, tó sì ti sún mọ́ ìgbà tí yóò hu ìyẹ́. Lónìí a mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ-ogun Macrotermes kì í di oníyẹ̀ẹ́ láéláé.

Kí a má gbàgbé ohun kan. Nígbà tí òyìnbó ń pe ìkán ní èèrà funfun, Yorùbá ti ya ìkán sọ́tọ̀ kúrò lára èèrà, ó ya ìjàlọ sọ́tọ̀, ó sì fún oníyẹ̀ẹ́ ìkán ní orúkọ tirẹ̀. Bákan náà ló rí fún àwọn tó bá Smeathman la ọ̀gán ní Sierra Leone. Wọ́n mọ ìgbà tí oníyẹ̀ẹ́ máa ń jáde, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń mú un. Ibi tó ti ṣe é ni pé àwọn kò kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n ń kà ní Lọ́ńdọ̀nù.

Òwò ẹrú tó ti ọwọ́ bọ̀

Ibi tó korò nínú ìtàn yìí la dé báyìí.

Agbègbè tí Smeathman ń gbé jẹ́ ojúkò òwò ẹrú. Kò sí ọkọ̀ tó ń gbé kòkòrò nìkan. Ọkọ̀ tó ń gbé àpótí labalábá rẹ̀ lọ ni ọkọ̀ tó ń gbé ènìyàn nínú ẹ̀wọ̀n. Oúnjẹ, ọtí, aṣọ àti owó tó ń ná, ọ̀dọ̀ àwọn oníṣòwò ẹrú ló ti ń rí i.

Lọ́dún 1773, ó ṣàbẹ̀wò sí erékùṣù Bunce, níbi tí ilé olódi àwọn oníṣòwò ẹrú wà. Ó ròyìn bí àwọn òyìnbó ibẹ̀ ṣe ń gbá gọ́ọ̀fù ní ìrọ̀lẹ́, tí àwọn ọmọ Áfíríkà sì ń ru igi gọ́ọ̀fù tẹ̀ lé wọn. Kò jìnnà síbẹ̀ ni àgbàlá tí wọ́n kó àwọn ẹrú sí.

Nínú lẹ́tà rẹ̀, Smeathman ròyìn ìyà tó rí nínú ọkọ̀ ẹrú lásìkò òjò, àánú sì ṣe é. Àmọ́ àánú kò dá a dúró. Nígbà tí owó tán lọ́wọ́ rẹ̀, tí àwọn tó rán an ní Lọ́ńdọ̀nù sì ń kùn pé kòkòrò tó ń fi ránṣẹ́ kò tó, ó dara pọ̀ mọ́ àwọn oníṣòwò náà. Lọ́dún 1775 tó kúrò ní Áfíríkà, inú ọkọ̀ ẹrú ló bá dé àwọn erékùṣù West Indies. Ó lo bíi ọdún mẹ́rin níbẹ̀, láàárín oko ìrèké tí ẹrú ń ro, kó tó padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1779.

Ìwé tó gbé e dé òkè

Lọ́dún 1781, Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Lọ́ńdọ̀nù, tẹ ìwé Smeathman lórí ìkán jáde. Joseph Banks tó kọ ọ́ sí ti di ààrẹ ẹgbẹ́ náà. Àwọn àwòrán ńlá wà nínú rẹ̀ tó fi inú ọ̀gán hàn yàrá dé yàrá. Inú ìwé yìí ni orúkọ bellicosus ti jáde fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Látìnì ni jagunjagun.

Òkìkí rẹ̀ kàn. Àmọ́ òkìkí kì í san gbèsè. Ó lọ sí Paris, ó kó sínú ọ̀rọ̀ bálúùnù tó ń gbé ènìyàn fò, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà. Ìyẹn náà kò mówó wá.

Ètò tó bí Freetown

Lẹ́yìn ogun òmìnira Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ènìyàn dúdú tó gbè sẹ́yìn ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bá ara wọn ní ìgboro Lọ́ńdọ̀nù láìnílé, láìníṣẹ́. Lọ́dún 1786, wọ́n dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ láti ràn wọ́n lọ́wọ́. Smeathman gbé àbá kan wá: kí wọ́n kó wọn lọ sí Sierra Leone láti lọ tẹ ìlú tuntun dó. Ó ní ilẹ̀ ibẹ̀ lọ́ràá, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì dára. Òun ni yóò ṣáájú wọn lọ, kí ìjọba san pọ́n-ùn 14 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí kò sọ ni pé lọ́dún 1785, nígbà tí àwọn aṣòfin bi í léèrè bóyá ó ṣeé ṣe láti kó ẹlẹ́wọ̀n lọ sí etíkun Áfíríkà, ó ti sọ fún wọn pé ìbà yóò pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn láàárín oṣù mẹ́fà. Òun fúnra rẹ̀ ti rí ikú Berlin. Òun fúnra rẹ̀ ti dùbúlẹ̀ àìsàn níbẹ̀. Àmọ́ gbèsè wà lọ́rùn rẹ̀, ó sì ń wá ọ̀nà láti padà sí Áfíríkà.

Kò padà. Ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 1786 ni ìbà pa á ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì péré ni.

Ètò náà kò kú pẹ̀lú rẹ̀. Olaudah Equiano, ọmọ Áfíríkà tó ti jẹ́ ẹrú rí tó sì ra ara rẹ̀ padà, wà lára àwọn tí ìjọba yàn láti mójútó ìrìn àjò náà. Ó fẹ̀sùn kan àwọn kan pé wọ́n ń jẹ owó oúnjẹ àwọn arìnrìn àjò, wọ́n sì yọ òun gan-an níṣẹ́. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1787, bíi 400 ènìyàn gbéra. Òjò bá wọn ní Sierra Leone. Ọ̀pọ̀ wọn kú lọ́dún àkọ́kọ́, bí Smeathman ṣe sọ fún àwọn aṣòfin gẹ́lẹ́, tí kò sì sọ fún wọn. Lọ́dún 1789, wọ́n dáná sun ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó.

Lọ́dún 1792, àwọn ènìyàn dúdú mìíràn láti Nova Scotia dé, wọ́n sì tẹ Freetown dó. Freetown yìí ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì wá ń já àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú sí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Yorùbá ló wà lára wọn. Ọmọdékùnrin kan láti Òṣòògùn tí wọ́n já síbẹ̀ lọ́dún 1822 ni Àjàyí, tí a wá mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Ibẹ̀ náà ni àwọn tí à ń pè ní Sàró ti padà wá sí Èkó àti Abẹ́òkúta.

Ibo ni ọ̀rọ̀ ìkán dé lónìí?

Lẹ́yìn Smeathman, àwọn onímọ̀ fún ìkán ní ìsọ̀rí tirẹ̀, tí wọ́n pè ní Isoptera, nítorí pé ìyẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba. Ìsọ̀rí yìí dúró fún ọdún tó lé ní 170. Àmọ́ lọ́dún 2007, àwọn onímọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù yẹ àbùdá ìkán àti ti àwọn kòkòrò mìíràn wò, wọ́n sì rí i pé inú ìdílé aáyán gan-an ni ìkán ti jáde. Ìkán kì í ṣe ìbátan èèrà rárá. Aáyán tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé pọ̀ ní ìlú kan ni. Èèrà ní tirẹ̀, mọ̀lẹ́bí oyin àti agbọ́n ni.

Ìtàn kòkòrò láyé gùn ju èyí lọ. Ó ti lé ní ọdún mílíọ̀nù 300 tí kòkòrò ti ń fò, kí ẹyẹ kankan tó dáyé. Ní nǹkan bíi ọdún mílíọ̀nù 300 sẹ́yìn, ẹ̀dá kan tó jọ lámilámi wà tí ìyẹ́ rẹ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 65 láti ìhín sí ọ̀hún. Inú ibi tí wọ́n ti ń wa èédú ní Commentry ní ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti rí àpẹẹrẹ rẹ̀ nínú òkúta. Ní ọdún mílíọ̀nù 252 sẹ́yìn, àjálù ńlá kan pa èyí tó pọ̀ nínú ẹ̀dá ayé, kòkòrò náà sì fara kó o. Àwọn tó yè ló bí àwọn tó wà lónìí.

Ìkán ti wà ní bíi ọdún mílíọ̀nù 130 sẹ́yìn, nígbà tí àwọn ẹranko ńláńlá tí a ń pè ní dinosaur ṣì wà. Ní ti ìkán tó ń dáko olú, inú igbó kìjikìji Áfíríkà ló ti bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bíi ọdún mílíọ̀nù 30 sẹ́yìn. Ọmọ ènìyàn kò tíì dáyé nígbà tí ìkán ti di àgbẹ̀.

Nígbà tí Linnaeus kọ ìwé rẹ̀ lọ́dún 1758, gbogbo ẹranko àti kòkòrò tó mọ̀ pa pọ̀ lé díẹ̀ ní 4,000. Lónìí, kòkòrò nìkan tó ti ní orúkọ tó bíi mílíọ̀nù kan. Ìkán inú wọn tó bíi 3,000, díẹ̀ péré ló sì ń jẹ ilé ènìyàn. Àwọn tó kù ń jẹ ewé gbígbẹ àti igi tó ti kú, wọ́n ń tú ilẹ̀, wọ́n sì ń jẹ́ kí omi òjò rí ọ̀nà wọlé. Àgbẹ̀ tó bá gbin iṣu sí ibi tí ọ̀gán ti wó mọ ohun tí à ń sọ.

Láti Lamto dé Comoé

Côte d'Ivoire wà lára àwọn ibi tí iṣẹ́ tí Smeathman bẹ̀rẹ̀ ti tẹ̀ síwájú jù lọ.

Ní Lamto, nítòsí Toumodi, níbi tí igbó àti pápá ti pàdé, àwọn onímọ̀ Faransé méjì, Maxime Lamotte àti Jean-Luc Tournier, dá ibùdó ìwádìí sílẹ̀ lọ́dún 1962. Àpapọ̀ orúkọ àwọn méjèèjì ló di Lamto. Wọ́n ti ka ìkán, èèrà àti tata níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn onímọ̀ láti yunifásítì Nangui Abrogoua ní Abidjan sì ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ní ọgbà ẹranko Comoé ní àríwá ìlà oòrùn, àwọn onímọ̀ láti Jámánì ṣàkíyèsí ohun kan nípa ìkán Smeathman gan-an. Nínú pápá tí oòrùn ti mú, ara ọ̀gán rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó sì ní ṣóńṣó púpọ̀ tí ooru ń gbà jáde. Nínú igbó etí odò tó tutù, ìkán kan náà ń mọ ọ̀gán tó rí róbótó, tí ara rẹ̀ sì nípọn kí ooru má bàa jáde. Olú rẹ̀ kò fẹ́ òtútù, òun ló ń tìtorí rẹ̀ mọlé. Ogun abẹ́lé tó bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 2002 dá iṣẹ́ náà dúró, UNESCO sì kọ orúkọ Comoé mọ́ àwọn ibi tó wà nínú ewu lọ́dún 2003. Ọdún 2017 ni wọ́n tó yọ ọ́ kúrò.

Ní Abidjan fúnra rẹ̀, igbó Banco tó fẹ̀ tó bíi hẹ́kítà 3,400 ṣì dúró láàárín ìgboro, bí ilé àti ọkọ̀ ṣe yí i ká tó. Àmọ́ nígbà tí ọ̀rúndún ogún bẹ̀rẹ̀, igbó Côte d'Ivoire tó bíi hẹ́kítà mílíọ̀nù 16. Èyí tó ṣẹ́ kù lónìí kò tó mílíọ̀nù mẹ́rin. Kòòkó àti igi gẹdú ló jẹ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, kì í ṣe ìkán. Kòkòrò tó bá sì bá igbó lọ kí ẹnikẹ́ni tó fún un lórúkọ, kò sí ìwé tí a ó ti wá a.

Kí ni ogún tó fi sílẹ̀?

Henry Smeathman kò rí kòkòrò ńlá tí Drury ń wá, kò sì kú sí ọrọ̀. Ó kọ ìwé kan ṣoṣo tí ayé kò gbàgbé, ó gbé ètò kan kalẹ̀ tó bí ìlú kan, ó sì kópa nínú òwò tó ba ìlú púpọ̀ jẹ́. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kò sì sí èyí tó lè pa ìyókù rẹ́.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Kì í ṣe òun nìkan ló la ọ̀gán ní Sierra Leone. Àwọn tó gbé ọkọ́, tí ìkán bù jẹ lẹ́sẹ̀, tó fi ọ̀nà hàn án, tó sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yan èsúnsún, kò sí orúkọ wọn lẹ́yìn ìkán kankan. Nígbàkigbà tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Abidjan bá mú ìkán kan láti inú ọ̀gán, tó fi í sínú ìgò, tó sì kọ orúkọ sí i lára, Smeathman, 1781 náà ni yóò kọ.